Aṣọ ń bu nínú wọ́dúróòbù, AC sì ń ṣiṣẹ́: níbo ni omi yìí ti ń wá?

Àdùkẹ́_Ṣómólú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Rúùmù àti pálọ̀ là ń gbé ní Ṣómólú, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni aṣọ ti ń bu nínú wọ́dúróòbù wa. Aṣọ òkè ìgbéyàwó mi ló kọ́kọ́ bu, ó kan báàgì aláwọ, nísinsìnyí bàtà ọkọ mi náà ti hu funfun. Ògiri tí wọ́dúróòbù fẹ̀yìn tì ti ní àmì dúdú káàkiri.

Ohun tó rú mi lójú ni pé AC wà nínú yàrá náà o, 1.5HP. Bí wọ́n bá ti mú iná wá, 18 la máa ń tẹ̀ ẹ́ sí kó lè tètè tutù. Wọ́n ní AC a máa gbẹ inú ilé, kí ló wá dé tí tèmi ń bu?

Láńlọ́ọ̀dù ní ká ra dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní fáànù olómi tí wọ́n ń tà lójú títì ló dáa jù. Àbúrò mi ní humidifier ni, ó rí i lórí Instagram. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ra méjì, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé gáàsì la fi ń dáná, kíṣìnì kọjú sí yàrá. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ilé là ń sá aṣọ sí. Fíríìjì wà ní pálọ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Humidifier ní Èkó! Ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn, òjò lórí, ẹnìkan tún fẹ́ fowó ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi sínú afẹ́fẹ́. Ẹ bá mi kí àbúrò yín o.

Bọ̀dá_Rẹ́wáyà

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. AC ni mò ń tún ṣe, Bárígà ni mo wà. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé omi ń kán láti ẹnu ọ̀pá AC yín lóde? Ìgbà wo lẹ fọ fílítà rẹ̀ kẹ́yìn? Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ṣé ẹ máa ń ṣí fèrèsé?

Omi tí ẹ bá rí tó ń kán lóde yẹn ni omi tó ti kúrò nínú yàrá yín. Èyí tí ẹ kò bá rí, ó ṣì wà nínú ilé pẹ̀lú yín. Ní àsìkò òjò báyìí, 1.5HP tára rẹ̀ dá lè da omi tó lítà kan síta láàárín wákàtí kan bí yàrá bá kún fún ọ̀rinrin. Bí AC bá ṣiṣẹ́ mọ́jú tí ẹnu ọ̀pá ṣì gbẹ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Àdùkẹ́_Ṣómólú

Ẹ ṣé é, bọ̀dá. Omi ń kán dáadáa, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀ ní bákónì. Fílítà, a fọ̀ ọ́ ní oṣù tó kọjá. Fèrèsé ńkọ́? Bí iná bá ti lọ, a ó ṣí gbogbo rẹ̀ ni o. Kí ooru ó pa wá ni?

Tíṣà_Físíìsì

Ìdáhùn yín sí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn gan-an ni àrùn wà, mà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba omi púpọ̀ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Bí a bá wọn afẹ́fẹ́ tó kún àyè kan tó jẹ́ mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, ní 27°C ó lè gba omi bíi gíráàmù 26. Bó bá tutù dé 20°C, kò lè gbà ju bíi 17 lọ. Bí wọ́n bá wá sọ pé ọ̀rinrin jẹ́ 85%, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ti gba 85 nínú 100 gbogbo omi tó lè gbà nígbà yẹn. Lóru òjò ní Èkó, afẹ́fẹ́ ìta sábà máa ń dé ibẹ̀, ó sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 27°C, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 22.

Ó dáa. AC yín ti ṣiṣẹ́ ní 18 fún wákàtí mélòó kan. Ògiri ti tutù, bẹ́ẹ̀dì ti tutù, aṣọ inú wọ́dúróòbù náà ti tutù. NEPA mú iná lọ. Ẹ ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ Ṣómólú wọlé pẹ̀lú gíráàmù 22 tó rù, ó fara kan ògiri tó wà ní 20, níbi tí kò ti lè rù ju 17 lọ. Márùn-ún tó kù ńkọ́? Ara ògiri ló sọ ọ́ sí, àti ara aṣọ òkè yín. Lẹ́yìn wọ́dúróòbù, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í rìn, omi yẹn kò rí ohun tó máa gbẹ ẹ́ kí iná tó tún dé.

Ẹ yẹ gíláàsì fèrèsé yín wò láàárọ̀ kùtù. Nílùú òyìnbó nígbà òtútù, inú ilé ni gíláàsì ti máa ń làágùn. Nílé tí AC ti ṣiṣẹ́ mọ́jú l'Ékòó, òde ló ti ń làágùn.

Ẹ tẹ AC yẹn sí 25. Ògiri tó bá wà ní 25 ṣì gbóná díẹ̀ ju ibi tí omi afẹ́fẹ́ ìta ti máa ń sẹ̀ lọ, nítorí náà bí ẹ bá ṣí fèrèsé, kò ní làágùn. Ẹ má sì rò pé 18 ló ń jẹ́ kó tètè tutù. AC tí kì í ṣe ínfátà, ìyẹn èyí tí kò lè dín agbára rẹ̀ kù, agbára kan náà ló fi ń ṣiṣẹ́ yálà 18 lẹ tẹ̀ tàbí 25; ọ̀gangan ibi tó máa dúró sí nìkan ló yàtọ̀.

Kò_Sí_Wàhálà

Tíṣà, 25 l'Ékòó? Ẹ fẹ́ kí èèyàn sùn sínú ààrò ni? 2HP ni tèmi, nínú yàrá kékeré kan ní Yábà, bó bá ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti tutù rinrin. Àmọ́ mo gbà pé ara mi máa ń lẹ̀ nínú ìtutù yẹn náà. Bẹ́ẹ̀dì a máa rí bí ẹni pé wọn ò sá a gbẹ.

Bọ̀dá_Rẹ́wáyà

2HP yẹn ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. AC tó tóbi ju yàrá lọ a máa tètè dé ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á kú kó tó rí àyè kó omi. Èyí tó bani nínú jẹ́ jù ni pé fáànù inú rẹ̀ kì í sábà kú pẹ̀lú kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Omi tó ti sẹ̀ sára kọ́ìlì, ìyẹn páìpù tútù inú AC, tí kò tíì kán dé ọ̀pá, fáànù á tún fẹ́ ẹ padà sínú yàrá. Ẹ ti sanwó iná kẹ́ ẹ tó kó o, ẹ tún gbà á padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó kéré, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́, ló ń fa omi dáadáa. Mo máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà, wọn kì í gbọ́, "gbé èyí tó tóbi wá" ni ṣáá. AC ínfátà dára níbi tí iná bá wà, torí pé ó lè rọra máa ṣiṣẹ́ lọ láìdúró. Ẹ tún wo rìmóòtù yín, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ya ẹ̀kán omi sí. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀, fáànù á rọra fẹ́, afẹ́fẹ́ á pẹ́ lára kọ́ìlì tútù, omi tó máa sẹ̀ á pọ̀ sí i. Ó dára fún alẹ́ òjò tí ooru kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí ara ń lẹ̀.

Ní ti 25, ẹ tan fáànù òkè mọ́ ọn. Fáànù kò fa omi kankan kúrò nínú yàrá o, àágùn ara yín ló ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé 25 pẹ̀lú fáànù kò burú.

Atẹ̀wé_Ṣómólú

Àǹtí Àdùkẹ́, àdúgbò kan náà ni wá. Àwa tí à ń tẹ̀wé mọ ọ̀rinrin ju bí ẹ ti rò lọ. Pépà a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, á fẹ̀; bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á súnkì. Tẹ àwọ̀ pupa sórí rẹ̀ láàárọ̀, kí òjò rọ̀ lọ́sàn-án, kí o wá fẹ́ tẹ búlúù lé e, àwọ̀ méjèèjì kò ní bára wọn mu mọ́. Iṣẹ́ oníbàárà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé nítorí wàhálà yìí gan-an ni wọ́n fi ṣe AC, kì í ṣe nítorí ooru. Ní 1902, ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní New York, tí wọ́n ń pè ní Sackett-Wilhelms, kò rójú lórí pépà tó ń fẹ̀ tó ń súnkì. Ẹnjiníà kan, Willis Carrier, ẹni ọdún 25, ló ya ẹ̀rọ tó máa gbé afẹ́fẹ́ kọjá lára páìpù tútù kí omi inú rẹ̀ lè sẹ̀ kúrò. Omi ni wọ́n fẹ́ kó kúrò. Ìtutù tí gbogbo wa ń forí gbárí lé lónìí yìí, èènì ni.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́_Ọ̀yìngbò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èlùbọ́ ni mò ń tà, àsìkò yìí kò sì bá èlùbọ́ ṣọ̀rẹ́ rárá. Ẹnìkan sọ fún mi pé bí fíríìjì bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó máa gbẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, pé ṣebí ẹran tí n kò bá bò nínú fíríìjì máa ń gbẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Inú fíríìjì nìkan ló ń gbẹ, kò kan ṣọ́ọ̀bù. Omi ara ẹran yẹn lọ di yìnyín lára ibi tó tutù jù. Nígbà tí yìnyín náà bá yọ́, nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní, ó ń ṣàn gba ihò kékeré kan bọ́ sínú àwo tó wà lẹ́yìn, nítòsí kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ooru ibẹ̀ á sì gbẹ omi náà padà sínú ilé. Ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó fi tòsì dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, kí ẹnìkan bá yín fa fíríìjì kan síwájú, kó wo àwo ìdí rẹ̀.

Fíríìjì sì tún ń tú ooru jáde, ìyẹn ló máa ń tan àwọn tó ní mítà ọ̀rinrin jẹ: bí ibẹ̀ bá gbóná díẹ̀, nọ́ńbà á wálẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ kò sì dín ẹ̀kán kan.

Fún èlùbọ́, ẹ fi nylon tó nípọn wé e pinpin, kẹ́ ẹ kó o sínú ike onídèérí, lórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni kẹ́ ẹ máa ṣí i.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́_Ọ̀yìngbò

Ẹ ṣeun, tíṣà. Owó fíríìjì ti padà sápò.

Ará_Kánò_Tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà fáànù olómi díẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú, ìlú tí wọ́n gbé e dé ni kò bá a mu. Mo gbé Kánò rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá á ti gbẹ kí o tó jẹun tán. Omi tó bá ń gbẹ a máa kó ooru lọ, nítorí náà fáànù tó ń fẹ́ gba inú páàdì tó mu omi kọjá máa ń mú yàrá tutù gan-an. Ọgbọ́n yẹn náà ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, fi ṣe ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tó ki yanrìn tó rin fún omi sáàárín wọn. Tòmátì àti ẹ̀fọ́ ń pẹ́ nínú rẹ̀ láìsí iná NEPA. Ó gba ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ aago Rolex nítorí rẹ̀ ní 2000.

Mo gbé fáànù olómi tèmi wá sí Súrùlérè. Gbogbo omi tó tán nínú táńkì rẹ̀, inú afẹ́fẹ́ yàrá ló lọ, yàrá ò sì tutù, torí pé afẹ́fẹ́ Èkó ti yó fún omi tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí ní Sókótó, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Alágbàfọ̀_Muṣin

Gbogbo yín ń sọ AC, ẹnikẹ́ni kò sọ aṣọ tí Àǹtí ń sá sínú ilé. Aṣọ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún fún un dáadáa, nǹkan bíi lítà méjì omi ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tí a fi ọwọ́ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo lẹ rò pé omi yẹn ń lọ tí aṣọ bá gbẹ lórí okùn ní pálọ̀?

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ náà, irú méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan ní páìpù gbọọrọ tó ń tú oru jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ páìpù yẹn síta. Mo ti rí ilé tí wọ́n fi ẹnu páìpù sílẹ̀ sínú kíṣìnì, ògiri ń ṣomi tótótó. Èkejì ń kó omi jọ sínú táńkì tí ẹ ó máa dà nù, tàbí kó gbé e lọ sí ojú gọ́tà. Ìyẹn kì í fi omi sílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná.

Tíṣà_Físíìsì

Alágbàfọ̀, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n sí i. Ká ní yàrá Àǹtí Àdùkẹ́ jẹ́ mítà 3.5 lọ́nà méjèèjì, kí àjà rẹ̀ ga tó mítà 2.7. Gbogbo omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó, kò tó lítà kan. Aṣọ ẹ̀rọ kan ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Àgbàlagbà kan tó ń sùn ń mí omi bíi gíráàmù 40 jáde ní wákàtí kan, ẹni mẹ́rin mọ́jú ti kọjá lítà kan. Àpọ̀jù rẹ̀ ń wá ibi tó máa lọ: fèrèsé, tàbí ògiri, tímùtímù àti aṣọ. Ìdí tún nìyẹn tí AC wákàtí méjì kò fi lè gbẹ ilé. Afẹ́fẹ́ nìkan ló gbẹ, ògiri àti bẹ́ẹ̀dì ṣì ń dá omi tiwọn padà.

Gáàsì náà ń pọn omi o, láìka ti inú ìkòkò. Kílò kan gáàsì ìdáná tó bá jó tán ń di omi tó lé ní lítà kan ààbọ̀.

Kò_Sí_Wàhálà

Iná ń pọn omi? Ẹ̀yin tíṣà yìí, ẹ ó pa wá lẹ́rìn-ín.

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ̀gbọ́n, lọ́la, ẹ bu omi tútù sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e sórí gáàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ làágùn, omi lè kán sórí iná pàápàá, lẹ́yìn náà á gbẹ. Àwọn kan a máa sọ pé ìkòkò ń jò. Kò jò. Háídírójìn tó wà nínú gáàsì ló pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tó di omi, ìdí ìkòkò tútù ló sẹ̀ sí.

Sìlíńdà 12.5 kílò, láti ìgbà tí ẹ gbé e wálé títí tó fi tán, omi tó jáde nínú iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà. Lítà kẹrosíìnì kan, bíi lítà omi kan. Sítóòfù oníná kò ní tirẹ̀, àfi oru tó bá ti inú ìkòkò jáde, bákan náà sì ni kẹ́tù àti maikrowéèfù. Ẹni tó bá ń se ẹ̀wà, kó bo ìkòkò.

Ẹ má torí èyí ti fèrèsé kíṣìnì pa o! Ṣíṣí ló yẹ kẹ́ ẹ ṣí i. Iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó a máa tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì jáde, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín kíṣìnì àti yàrá ni kẹ́ ẹ tì.

Kò_Sí_Wàhálà

Ó làágùn lóòótọ́. Ìyàwó mi ń bi mí pé kí ni mò ń wá lábẹ́ ìkòkò.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Àwa tó ń gbé ilé àtijọ́ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni yàrá tèmi wà, ògiri nípọn, ọ̀dà ń bọ́ láti ìdí ògiri lọ sókè. Mo ti fi káńfọ̀ sí gbogbo igun, mo gbé èédú sínú wọ́dúróòbù, mo gbé ìrẹsì sínú ìbọ̀sẹ̀. Àbí kí èmi náà lọ ra AC?

Bíríkìlà_Ẹ̀bútéMẹ́ta

Ẹ má rà á nítorí ìyẹn. Omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri yín, kò sí AC tó lè fa ilẹ̀ Èkó gbẹ. Bí ọ̀dà bá ń bọ́ láti ìsàlẹ̀, tí ẹ rí iyọ̀ funfun lára símẹ́ńtì, tó sì dúró síbi kan láìdé òkè, ilẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ àmì dúdú kéékèèké ní igun òkè àti lẹ́yìn ẹrù, afẹ́fẹ́ inú ilé ni. Bó bá pọ̀ sí i kété tí òjò rọ̀, ẹ lọ wo òrùlé àti páìpù.

Ẹni tí kò bá dá lójú, kó nu ògiri gbẹ, kó fi sẹ́lótéèpù lẹ nylon mọ́ ọn, kó tẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Bí omi bá wà láàárín nylon àti ògiri, inú ògiri ló ti wá. Bó bá jẹ́ ojú nylon tó kọ sí yàrá ló ní omi, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá.

Káńfọ̀ ń lé kòkòrò, kì í mu omi. Èédú àti ìrẹsì ń mu díẹ̀, wọ́n á yó, ó parí. Àwọn pálí kékeré tí wọ́n fi kalsíọ̀mù klóráìdì ṣe, tó ń di omi nínú ike, sàn jù wọ́n lọ nínú wọ́dúróòbù tí wọ́n tì pa. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó.

Àǹtí_Oníléèsì_Balógun

Ọ̀rọ̀ dehumidifier ni kí n dá sí, torí mo ní ọ̀kan níbi tí mò ń kó ọjà sí. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni, léèsì àti guinea ló kún inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kò sí léèsì tó bu mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra á sí yàrá tó ń sùn, kó mọ̀ pé inú yàrá ló ń tú gbogbo ooru rẹ̀ sí. AC ń gbé ooru síta, èyí kò ní apá kankan níta. Ẹ ti fèrèsé tán, ẹ tàn án, ilé á gbẹ, ẹ̀yin náà á gbẹ. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé, ẹ ti sọ ọ́ di pé kó máa gbẹ gbogbo Èkó. Ẹ tún gbọ́dọ̀ máa da táńkì nù, nítorí bó bá kún, yóò dá dúró ni. Àǹtí Àdùkẹ́ ní AC tó ń da omi síta tẹ́lẹ̀, ní tèmi, kò nílò rẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì

Mo fara mọ́ Àǹtí Balógun pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ná owó díẹ̀, kó ra mítà ọ̀rinrin kékeré. EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ní kí ti inú ilé má kọjá 60%. L'Ékòó, fèrèsé ṣíṣí kò lè gbé yín débẹ̀ lásìkò òjò, ó di ìgbà ọyẹ́. Nítorí náà, ẹ yan ọ̀kan: bí AC bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ti ilé pa, bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ṣí fèrèsé ọ̀kánkán méjì kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Ààbọ̀-ààbọ̀ ló ń ba aṣọ jẹ́.

Àdùkẹ́_Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lẹ nylon mọ́ ògiri bí bíríkìlà ṣe wí. Ojú tó kọ sí yàrá ló ní omi, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. A ti fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri, ó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́. AC ti wà ní 25, ọkọ mi kọ́kọ́ fajú ro, nígbà tó tan fáànù mọ́ ọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Aṣọ ti kúrò ní pálọ̀, abẹ́ òrùlé bákónì la ń sá a sí báyìí. Fáànù kékeré tó ń fa èéfín jáde ní kíṣìnì ni mo máa fi owó yẹn rà, kọlọfín tí kíṣìnì yẹn wà, fèrèsé rẹ̀ kò tó.

Ó ku ti àwọn tó ti bu. Kí ni kí n ṣe sí aṣọ òkè mi? Ṣé kí n lọ̀ ọ́ kó kú?

Alágbàfọ̀_Muṣin

Ẹ má lọ̀ ọ́ o! Áyọ́ọ̀nù máa mú àmì yẹn wọ inú òwú. Ẹ gbé e síta, kì í ṣe inú yàrá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a nígbà tó bá gbẹ, kẹ́ ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ fi í sí oòrùn àárọ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí àwọ̀ má baà ṣí. Báàgì àti bàtà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni kí wọ́n ti gbẹ. Ògiri, ọṣẹ àti omi, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lo bílíìṣì, òun nìkan ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi, ẹ má fi fínígà tàbí ohun ìfọ̀balùwẹ̀ mìíràn kún un, nítorí òórùn tó máa jáde lè fún yín lọ́fun pa. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Bọ̀dá Rẹ́wáyà, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì AC yẹn ńkọ́? Ẹnìkan ní òun ń bù ú sínú bátìrì ínfátà, pé bákan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń tà nínú ike.

Bọ̀dá_Rẹ́wáyà

Kò rí bákan náà. Eruku yàrá àti ìdọ̀tí ara kọ́ìlì ló ṣàn wá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni náà á ra bátìrì tuntun láìpẹ́. Ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ. Ẹ fi nu ilẹ̀, ẹ fi ṣan ṣáláńgá, ẹ fi fọ mọ́tò. Ẹ sì máa dà á nù lójoojúmọ́, nítorí ẹ̀fọn fẹ́ràn bọ́kẹ́ẹ̀tì bákónì.